Ìdí Tí Ohùn Gìtá Fi Ń Yí Padà Bó Bá Dé Òde

Onígìtá kan jókòó sínú yàrá rẹ̀ lóru, ó ki íápíìsì bọ etí, ó ń yí bọ́tìnnì pírósẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe àfarawé ampù, síwá sẹ́yìn títí ohùn gìtá fi dùn wọra. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sóde àríyá, ó fi wáyà so ó mọ́ sípíkà kékeré oníbátìrì, ó ta okùn àkọ́kọ́. Ohun tó jáde ń han létí bí ẹ̀fọn. Ó yí ohùn sókè, ó tún wá burú sí i. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbi ìkómọjáde kan n'Íbàdàn, gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo sì fi di ẹ̀bi ru sípíkà tí mo yá. Sípíkà ò ṣẹ̀. N kò tíì mọ iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ohùn gìtá iná ń gbà. Bí okùn bá gbọ̀n, iná tín-ín-rín kan á gba inú wáyà lọ sínú ampù. Ampù á sọ iná yẹn di ńlá, á sì fi adùn tirẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ló ti máa dé sípíkà onínṣì 12 tó wà nínú àpótí pákó. Bó bá jẹ́ sítúdíò la wà, máìkì kan á tún wà níwájú àpótí náà, òun náà á sì yí ohùn padà díẹ̀. Gbogbo ìrìn yìí ni pírósẹ́sọ̀ ń fi ìṣirò rìn. Ó ń wọn iná tó ń ti gìtá bọ̀ nígbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń ṣírò ohun tí ampù tí a yàn ìbá fi í ṣe. Line 6 POD, tó jáde lọ́dún 1998, wà lára àwọn ẹ̀rọ tó mú iṣẹ́ yìí dé ọwọ́ onígìtá tí kì í ṣe olówó sítúdíò. Lónìí, àfarawé ohùn Fender Twin Reverb, ampù tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 29, ti wà nínú ohun tí èèyàn lè kì sínú báàgì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sípíkà. Sípíkà ampù gìtá kì í ṣe ẹgbẹ́ sípíkà tí a fi ń gbọ́ rédíò. Okùn tó nípọn jù lọ lórí gìtá ń gbọ̀n nígbà 82 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 82 Hz ni wọ́n máa kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Sípíkà gìtá á gbé ohùn láti agbègbè yẹn lọ sókè, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀ kíákíá. Ó dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: ohun tó kúnná ń kọjá, èèrí ń ṣẹ́ kù. Ampù tí ohùn rẹ̀ ń ha díẹ̀ máa ń kó èèrí púpọ̀ jáde, ariwo ṣíríṣírí tó wà lókè pátápátá. Asẹ́ yìí ni kì í jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Sípíkà alágbèérìn kò ní asẹ́. Wọ́n ṣe é fún ohùn èèyàn àti orin inú àwo, nítorí náà ó ní sípíkà ńlá fún ìsàlẹ̀ àti tútà fún òkè, tútà yẹn sì lè gbé ohùn dé ìtòsí 20,000 Hz. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i ló máa pọ̀ síta. Nítorí náà, bí pírósẹ́sọ̀ bá ń lọ sínú sípíkà irú èyí, tàbí sínú míkísà ṣọ́ọ̀ṣì, apá tó ń ṣe àfarawé àpótí sípíkà gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Lójú ẹ̀rọ, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní CAB tàbí IR. Bó bá sì jẹ́ ampù gìtá gidi, èyí tí a ń pè ní kọ́ńbò, lẹ fẹ́ kì í bọ̀ lẹ́yìn, ẹ pa CAB yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sẹ́ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, gìtá á sì máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora. Ní tèmi, ibi kan yìí péré ló yanjú ìdajì ìṣòro mi.

Ìdajì tó kù wà ní etí wa. Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, fi hàn lọ́dún 1933 pé bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè pátápátá bó ṣe ń gbọ́ àárín. Onígìtá tó ń ṣètò ohùn lóru, tí kò fẹ́ jí ará ilé, á wá fi básì kún un, á fi tírẹ́bù kún un, á sì dín àárín kù torí pé àárín ti ń han tó. Bó bá dé òde, tí ohùn lọ sókè, básì àti tírẹ́bù tó fi kún un á ya bo gbogbo èèyàn. Àárín tó dín kù yẹn sì nilé gìtá gan-an. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ṣètò ohùn nígbà tó bá dún sókè tó bó ṣe máa dún lóde, lórí sípíkà tí ẹ máa lò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gé ìsàlẹ̀ kúrò láti 100 Hz, ẹ gé òkè kúrò láti 6,000 Hz, kí ẹ sì gbé àárín sókè díẹ̀.

Ẹni tó ń ta gìtá jùjú gbọ́dọ̀ fiyè sí èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá mélòó kan ló ń dá ara wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, pedal steel Démọ́lá Adépọ̀jù sì tún wà láàárín wọn nínú àwo Juju Music ti ọdún 1982. Gìtá básì àti àkúbà ti gba ìsàlẹ̀. Bí gìtá kọ̀ọ̀kan bá wá ń jà fún ìsàlẹ̀ kan náà, tí reverb, ìró tó ń dún tẹ̀lé ohùn, tún ń fà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí etí aṣọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ. Ẹ dín reverb kù sí ìdajì ti ilé. Ẹ má bẹ̀rù bí gìtá bá tín-ín-rín nígbà tó dá nìkan dún. Irú rẹ̀ ló máa ń hàn ketekete bí ìlù bá wọlé.

Bí a ṣe gbé sípíkà kalẹ̀ tún ṣe kókó. Tútà ń ju ohùn síwájú bí iná tọ́ọ̀ṣì ni. Bí sípíkà bá wà nílẹ̀, orúnkún àwọn tó jókòó níwájú ló ń tàn án sí, ilẹ̀ á sì tún fi básì tí a kò béèrè kún un. Ẹ gbé e sórí ìdúró títí yóò fi ga ju orí èèyàn lọ. Ní gbangba, bí ẹ bá lọ jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn á dín ní nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 6, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì wáàtì kò lè fi kún un ju dẹ̀síbẹ̀lì 3 lọ. Nítorí náà, gíga sípíkà máa ń ṣe yín lóore ju wáàtì gọbọi tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Ní ti wáyà, ẹ má fi Bluetooth ta gìtá. Ó sábà máa ń pẹ́ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí ẹni tó dúró sí mítà 34 sí sípíkà rẹ̀ lẹ ó ṣe máa ta á. Ojú ihò tí wọ́n kọ LINE sí lára sípíkà ni kí ẹ ki wáyà bọ̀. Bí iná pupa bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín ohùn pírósẹ́sọ̀ kù, ẹ má fọwọ́ kan ti sípíkà. Ẹ sì pa bọ́tìnnì tó ń fi básì kún orin àwo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá wáyà gígùn kan. Ẹ jẹ́ kí onígìtá básì àti alákùúbà máa lu orin kan lọ, kí ẹ̀yin máa ta gìtá yín bọ̀ títí dé ibi tí àga àlejò bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ohùn, kí ẹ padà lọ tún un ṣe, kí ẹ sì fi orúkọ mìíràn pa á mọ́ sínú ẹ̀rọ, lọ́tọ̀ sí èyí tí ẹ ń lò nílé.