Ẹja, àwọ̀n àti imọ̀ ọ̀pẹ: Iṣẹ́ ọwọ́ ọdún Àjíǹde tó bá ọmọ jẹ́léósinmi Etíkàn mu

Bí ọdún Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ jẹ́léósinmi máa ń wá kiri lórí fóònù: ẹyin alárànbarà àti ehoro elétí gígùn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ní Etíkàn, ní bèbè omi ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè má tíì fojú kan ehoro rí. Ẹja ló ń rí lójoojúmọ́, ó sì ti mọ àwọ̀n kó tó mọ A, B, D.

Ìtàn Àjíǹde gan-an sún mọ́ ọmọ yìí ju ehoro lọ. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí 21, etí omi ni Jésù ti fara han àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tó jíǹde. Wọ́n ti wà lórí omi mọ́jú, wọn ò rí nǹkan kan pa. Ìgbà tí wọ́n ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún ọkọ̀ ni ẹja ńlá 153 wọlé, àwọ̀n náà ò sì ya. Ẹja tó wà lórí ẹyín iná àti búrẹ́dì ni wọ́n fi jẹun àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìlàjẹ?

Ní ti ehoro, Jámánì ló ti wá. Lọ́dún 1682, dókítà kan tó ń jẹ́ Georg Franck von Franckenau kọ̀wé nípa ehoro tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ó ń kó ẹyin pamọ́ sínú koríko. Àwọn ará Jámánì tó ṣí lọ sí Pennsylvania gbé e dé Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò súùtì àti káàdì sì gbé e káyé. Ẹyin pẹ́ jù ú lọ. Láyé àtijọ́, ìjọ kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn jẹ ẹyin nígbà Lẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n adìẹ ò mọ Lẹ́ǹtì, ṣe ló ń yé e lọ. Ìgbà tí Àjíǹde bá dé, ẹyin á ti pọ̀ nílé. Àwọn Kristẹni apá ìlà-oòrùn máa ń pa á láró pupa nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Kí a tó pín iṣẹ́ fún ọmọ, ó yẹ ká mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lára ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọ̀kan ò tíì le nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le, èyí tó gbẹ̀yìn sì lè dúró di bí ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta lè fara wé òbìrìkítí lórí ìwé. Ó di bí ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó lè fa àgbélébùú, ó sì di bí ọdún márùn-ún kí igun mẹ́rin tó ṣeé ṣe. Olùkọ́ tó bá ń na ọmọ ọdún mẹ́ta nítorí pé àgbélébùú rẹ̀ wọ́, ara ọmọ ló ń bá jà. Yíya, títẹ̀, lílẹ̀ àti fífi okùn wọ ihò ni iṣẹ́ ọjọ́ orí yẹn.

Bó bá jẹ́ tèmi, ẹja inú àwọ̀n ni n ó kọ́kọ́ fi lé ọmọ Etíkàn lọ́wọ́. Olùkọ́ á gé páálí bí ẹja, kó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ìpẹ́ ò ní í wọ́n ní Etíkàn. Ẹni tó bá ń ha ẹja ni kẹ́ ẹ sọ fún pé kó má dà á nù. Ẹ fi ọṣẹ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án títí òórùn á fi lọ, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní collagen pọ̀ nínú ìpẹ́, òun náà ló wà nínú awọ ẹran, ìdí nìyí tí ìpẹ́ fi ń mu aró dáadáa bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pupa tàbí kó yẹ́lò. Lẹ́yìn náà, ọmọ á fi ìka méjì mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi sítáàṣì gbágùúdá tí a fi omi gbígbóná rò lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ìdí ìrù ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ síwájú sí orí, kí ti iwájú lè máa gorí ti ẹ̀yìn, bó ṣe rí lára ẹja gidi. Ọmọ tó ń jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹja á tètè rí i bí olùkọ́ bá lẹ̀ ẹ́ sódì, kò sì ní í pa á mọ́ra.

Àpò oníhò tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ fi ṣe àwọ̀n. Àwọ̀n gidi tó ti gbó náà dára, àmọ́ ẹ gé e kéré, torí ọ̀rá rẹ̀ lè fún ìka tàbí ọrùn ọmọ. Ní kíláàsì ọlọ́mọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ẹja mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó di 150. Kí olùkọ́ ṣe mẹ́ta tó kù kó lè pé 153 bíi ti inú ìtàn.

Imọ̀ ọ̀pẹ ò nílò ìpolówó ní ilẹ̀ tí ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1925, ti fìdí múlẹ̀ tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé e yíká ìlú ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Àjíǹde. Ní Masasi, ní gúúsù Tanzania, àwọn ará abúlé ti ń fi ewé irú ọ̀pẹ kan ṣe àgbélébùú kéékèèké láti àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Fún jẹ́léósinmi, ẹ yọ ọwọ̀ kúrò láàárín ewé, ẹ fún ọmọ ní ewé méjì, kó gbé ọ̀kan dábùú èkejì, kí àgbà bá a so ó. Ọmọ ọdún márùn-ún lè máa hun ún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹní. Friedrich Froebel, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837, fi bébà híhun kún iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ tó ń hun ẹní ò dúró de Froebel. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá sí kíláàsì.

Bí owó ẹyin bá wà, èèpo àlùbọ́sà ni aró tó rọrùn jù, ó sì bá ẹyin pupa ọjà wa mu. Ẹ sè é fún bí ìdajì wákàtí, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣíbí fínígà kan sí i, kẹ́ ẹ tó ri ẹyin bíbọ̀ sínú rẹ̀. Kálísíọ̀mù kan náà tó wà lára ìkarahun etí òkun ló wà lára èèpo ẹyin. Fínígà ń jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i tó ń hó wínníwínní, aró á sì lè mú un. Bí ẹ bá lo omi ṣóbò, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹyin funfun bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ eérú tó sún mọ́ búlúù. Èèpo ẹyin ló ń pa ìkan inú ṣóbò, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà.

Èyí tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn jù ni àbẹ́là. Kí ọmọ fi àbẹ́là funfun ya ohun tó wù ú sára ẹyin bíbọ̀ tó ti tutù, kó tó rì í sínú aró. Ibi tí àbẹ́là bá kàn, aró ò ní í wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n aládìrẹ Abẹ́òkúta nìyẹn, òun náà sì ni ará Ukraine ń lò fún ẹyin Àjíǹde wọn, pysanka, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé lọ́dún 2024. Aró náà gbọ́dọ̀ ti tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àbẹ́là á yọ́. Ẹyin tó bá sì ti wà níta ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa, ẹ má fún ọmọ jẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta síwájú, ni ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí, nítorí náà ni kì í fi í dúró lójú kan. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ni ti 2026. Ti 2027 á bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Èèpo àlùbọ́sà tó máa kún ìkòkò kì í pé lọ́jọ́ kan, ẹ ti bẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ láti oṣù Kejì kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀.