Bí Wáyà Bá Dé Èkó, Ta Ló Ń Ṣí Bodè?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá gba owó lọ́wọ́ mi ní Àgọ́-Àmọ́dù, ní Òkè-Ògùn, ló gbà pé ojú ọ̀run ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Bí POS bá ń yí tí kò sọ̀rọ̀, òkè ni wọ́n máa ń wò. N kò dá wọn lẹ́bi: òpó nẹ́tíwọ̀kì nìkan la rí, òun náà sì ga. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀nà gbà. Nínú gbogbo ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, ó lé ní ìdá 95 nínú 100 tó ń gba inú wáyà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ omi.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta, 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbà kaṣú ni. Oníṣòwò kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọn kaṣú àwọn àgbẹ̀ tán, ó ti fi owó ránṣẹ́, aláàtì ni kò wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò òfìfo lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fi sùúrù sí i. Wọ́n ní wáyà ló já lábẹ́ òkun, lápá Abidjan." Bàbá wò mí títí. "Ìyá POS, kí ni owó kaṣú mi wá lọ ṣe lábẹ́ òkun?"

Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wáyà mẹ́rin já ní àgbègbè kan náà níwájú Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ọ̀gbun jíjìn kan wà lábẹ́ omi níwájú Abidjan, àwọn onímọ̀ sì fura pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló ṣí nípò. Báńkì dákú ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ọ̀nà òkun yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ń gbà. Wáyà Glo-1 àti Equiano kò já, orí wọn sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ sáré kó ẹrù lé. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so tán.

Wáyà yìí kò tóbi bí èèyàn ṣe lè rò. Níbi tí òkun ti jìn, kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Fáíbà tín-ín-rín tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló wà láàárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú fáíbà náà sáré ló sì ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó. Kọ́pà yí i ká láti gbé iná mànàmáná, torí pé ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ní bíi kìlómítà 60 sí 100 síra, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ máa fún un lágbára. Bó bá ti ń súnmọ́ èbúté, wọ́n á fi irin wé e, wọ́n á rì í mọ́ iyanrìn, nítorí ìdákọ̀ró ọkọ̀ àti àwọ̀n apẹja. Àwọn méjèèjì yìí ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nínú wáyà 150 sí 200 tó ń bàjẹ́ káàkiri ayé lọ́dọọdún. Bí ọ̀kan bá já, àwọn tó wà létí òkun á ta ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀ láti mọ ibi tó ti já. Ọkọ̀ ojú omi á wá lọ fi ìkọ́ fa orí rẹ̀ méjèèjì sókè, wọ́n á sì fi wáyà tuntun di àárín.

Owó ńlá ni. MainOne, tó gùn tó kìlómítà 7,000 láti Pọ́túgàl dé Èkó, gba 240 mílíọ̀nù dọ́là. Orílẹ̀-èdè bíi Gáḿbíà kò lè dá irú ìyẹn ná. Nítorí náà ni àwọn ará etí òkun ṣe ń dá owó jọ: wọ́n á tẹ́ wáyà ńlá kan gba ibú, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì máa yà lára rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè tó bá lọ́wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ACE láti Faransé, ilé-iṣẹ́ Orange ló ṣáájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Òun ni Gáḿbíà, Gínì, Sàró àti Làìbéríà fi kọ́kọ́ rí wáyà abẹ́ òkun, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti Báńkì Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n kéèyàn jọ dáwó nìkan kò tó. SAT-3 ló kọ́ wa. Òun ni fáíbà abẹ́ òkun tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ó sì yà ní Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà, Kútọnu àti Èkó kó tó dé Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló jọ ni ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nìkan ni ẹnu ọ̀nà wà, bí oníbodè ayé àtijọ́ tó jókòó sẹ́nu odi ìlú: ẹrù yòówù kó dé, iye tí oníbodè bá dá ni wàá san. Wáyà dé, owó kò wálẹ̀. Káfè tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, sátẹ́láìtì ló ṣì ń lò. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú la ń ta àkókò, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń jókòó síbẹ̀ mọ́jú, torí pé òru ló pọ́ọ́kú. Nígbà tí SAT-3 bàjẹ́ lápá Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Keje 2009, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Niger àti Nàìjíríà ló jọ jẹ ìyà ẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó la bodè mìíràn ni Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olúji, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà wálé. Ó dá MainOne sílẹ̀ ní 2008. Ní 2010, wáyà rẹ̀ wọ Èkó, ó sì yà ní Accra. Ọdún náà ni Glo-1 ti Globacom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí olùtajà di púpọ̀ ni iye dátà wálẹ̀. WACS tẹ̀lé e ní 2012, Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ ní Lomé àti Èkó ní 2022.

Ibi tó kù sí fún wa nìyí. Wáyà pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n láti Èkó dé Òkè-Ògùn, orí ilẹ̀ ni. Fáíbà ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ̀. Níbi tí kò bá dé, òpó kan á máa ju ọ̀rọ̀ sí òpó kejì, díísù ló sì ń gbé wọn ró. Katakata tó ń tún ọ̀nà ṣe lè gé fáíbà. Díísù lè tán. Láti oṣù Kẹta 2024, gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lọ, àwọn oníbàárà mi á ní, "Òkun ló tún dé." Lọ́pọ̀ ìgbà, òkun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní 2023, lè gba ẹni tó lágbára là, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń retí aláàtì lórí fóònù kékeré kò ní í rà á.

ECOWAS ti ń gbèrò wáyà àjọni mìíràn tí wọ́n fi orúkọ Amílcar Cabral pè, láti so Cape Verde mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ létí òkun. Ó dára. Ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹnu ọ̀nà etí òkun má bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ̀ka orí ilẹ̀ sì wà nínú ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kí wọ́n máa rì páìpù fáíbà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbàkígbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Sakí ṣe. Ààlà Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí Sakí. Bí fáíbà wa bá gba Òkèrètè pàdé tiwọn, Kútọnu á di ẹnu ọ̀nà wa kejì nígbà tí Èkó bá dákú.

Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2024 pé àwọn fẹ́ fi fáíbà kìlómítà 90,000 kún èyí tó wà lórí ilẹ̀. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa bá tún pe àwa oníṣòwò sípàdé, ohun tí màá bi wọ́n kò pọ̀: "Alága wa, ẹ jọ̀ọ́, nínú 90,000 yẹn, mélòó ló ń bọ̀ ní Àgọ́-Àmọ́dù?"