Ilé Ìwòsàn Tó Jáde Lọ Bá Ará Ìlú

Ohun tí ọmọ Yorùbá tí a bí sí London tàbí Houston sábà ń gbọ́ nípa ilé ìwòsàn wa kò ju ìyanṣẹ́lódì àti dókítà tó ń sá lọ sókè òkun. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ayé ti kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wa.

UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà n'Íbàdàn, kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ yín. Òrítamẹ́fà ni ará Ìbàdàn ń pè é. Ọdún 1948 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lábẹ́ Yunifásítì London, àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀ sì ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Ìlú Ọba. 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá náà. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, kúrò ní Amẹ́ríkà wá síbẹ̀ ní 1962, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìta ilé ìwòsàn ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù ti jáde.

Ẹ wo Arò, l'Ábẹ́òkúta. Ní 1954, àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ń wá sí ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀, ilé tí wọn yóò sùn kò sì tíì parí. Dókítà Adéoyè Lambo lọ bá àwọn ará abúlé àyíká pé kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ta ni yóò sọ pé òun kò mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé bàbá rẹ̀? Lambo padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan ní agbègbè Iléṣà. David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, Iléṣà, ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, rí i pé ebi ti máa ń jẹ ọmọ jìnnà kí ojú tó rí i. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì kan tí ìlà ìdàgbàsókè wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wọn ọmọ, á fi àmì kan síbẹ̀. Bí àmì oṣù yìí kò bá ga ju ti oṣù tó kọjá, wọ́n á bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ìyá ló ń mú káàdì náà lọ sílé, kò sí ní fáìlì ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà: ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ ló ni ìròyìn ara ọmọ lọ́wọ́. Káàdì náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwé pupa tí ẹ̀yin tó bímọ ní Ìlú Ọba ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èrò kan náà ló dúró lé.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń rí ní ìdílé tí kò lówó ọkọ̀ dé Ìbàdàn.

Ẹ bi ìyá yín bóyá káàdì ìwọ̀n yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wà, ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé fún wọn.