Kí Ni Ó Lé Àwọn Ìgárá Kúrò Ní Ìgboro New York?

Ọ̀rọ̀ olè kì í ṣe àjèjì sí ọlọ́jà, nítorí ẹni tí ó ní ìsọ̀ ni ó mọ bí oorun òru ti ṣòro í sùn. Nígbàkígbà tí àwọn ìgárá bá da ìlú láàmú, gbólóhùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: "Kí ìjọba sáà ti fi ọwọ́ líle mú wọn, gbogbo rẹ̀ yóò rọlẹ̀." Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ a sì máa tọ́ka sí ìlú New York ní Amẹ́ríkà, wọn a ní ṣebí bí wọ́n ti ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń gbé ìlú náà, ní Brooklyn àti ní Bronx. Àti pé ẹni tí yóò yá àgbo ẹlòmíràn mu, ó yẹ kí ó mọ ewé tí wọ́n fi sè é.

Òtítọ́ ni pé New York ti fojú rí màbo. Ní ọdún 1990, àwọn ènìyàn tí a pa ní ìlú náà lé ní 2,200. Èyí já sí pé kò sí ọjọ́ kan tí ó mọ́, bí a bá pín in dọ́gba, tí a kò pa ènìyàn mẹ́fà. Ìdigunjalè ọdún náà lé ní 100,000, mọ́tò tí a jí gbé sì lé ní 140,000. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, àwọn tí a pa kò pé 300 mọ́, ìdigunjalè kò tó 14,000, mọ́tò tí a jí kò sì pé 6,000. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìlú tú. Ńṣe ni àwọn ará ìlú pọ̀ sí i, láti mílíọ̀nù 7 àti díẹ̀ di mílíọ̀nù 8 àti díẹ̀.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ yìí? Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá ni ti Rudolph Giuliani, tí ó di Méyọ̀ ìlú náà ní oṣù Jánúárì, ọdún 1994, àti William Bratton tí ó fi ṣe olórí ọlọ́pàá. Wọ́n tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, James Q. Wilson àti George Kelling, kọ jáde ní ọdún 1982: pé bí fèrèsé kan bá fọ́ tí a kò tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí ìyókù yóò fi fọ́ tán, nítorí ẹni tí ń kọjá yóò rò pé ilé náà kò ní olúwa. Nítorínáà wọ́n ń mú àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú irin láìsan owó, àti àwọn tí ń mu ọtí tàbí tí ń tọ̀ ní gbangba. Wọ́n tún dá ètò CompStat sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń ka iye olè jíjà àti ìpànìyàn àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi wọ́n sí ojú máàpù, tí wọ́n sì ń pe ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan wá jíhìn. Àwa kò rí àléébù nínú èyí. Ọlọ́jà tí kò bá ka owó rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èrè yàtọ̀ sí àdánù?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọdún dáradára. Láti ọdún 1991 ni ìpànìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nígbà tí David Dinkins, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ Méyọ̀ níbẹ̀, ṣì wà lórí oyè. Òun ni ó wá owó tí a fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá kún àwọn ti tẹ́lẹ̀. Síwájú sí i, ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, ìpànìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 nínú ènìyàn 100,000 ní ọdún 1991 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 5 àti ààbọ̀ ní ọdún 2000. Ó dínkù ní Kánádà pẹ̀lú. Òjò tí ó rọ̀ sí oko gbogbo ènìyàn, kò yẹ kí àgbẹ̀ kan ṣoṣo wí pé òun ni ó rọ̀ ọ́. Síbẹ̀, a kò ní fi ẹ̀tọ́ ọlọ́pàá dù wọ́n: ti New York jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú yòókù lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ka àwọn ìdí mìíràn sílẹ̀. Èkíní ni kokéènì tí à ń fà bí èéfín, tí wọ́n ń pè ní crack, èyí tí ó gba ìgboro kan ní àárín ọdún 1980 sí 1990. Nítorí ọjà rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń yìnbọn pa ara wọn. Nígbà tí àwọn àbúrò rí ohun tí ó fi ojú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn rí, ọ̀pọ̀ sá fún un, ọjà náà sì dákẹ́. Èkejì ni òjé tí a ń pò mọ́ epo mọ́tò láyé ìgbà kan. Èéfín rẹ̀ a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni Amẹ́ríkà sì ti ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi òfin dè é pátápátá fún mọ́tò ìgboro ní ọdún 1996. Àwọn kan gbà pé àwọn ọmọ tí kò fa òjé símú ni ó dàgbà di ọ̀dọ́ tí ó fara balẹ̀. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kan ọwọ́ líle. Ní òru ọjọ́ 4 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1999, ní Bronx, ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ bá Amadou Diallo ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni, ọmọ ilẹ̀ Guinea, tí ń pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ létí títì. Ó na ọwọ́ mú pọ́ọ̀sì rẹ̀; wọ́n ní àwọn rò pé ìbọn ni. Ọta 41 ni wọ́n yìn. Kò ní ìbọn, kò sì jalè. Ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ro èyí wò: ẹni tí à ń lé olè nítorí rẹ̀ ni ọta bá.

Síbẹ̀ wọn kò dẹwọ́. Ní ọdún 2011 nìkan, ìgbà tí ó lé ní 680,000 ni ọlọ́pàá dá ènìyàn dúró ní ìgboro láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn tí ń sọ èdè Spéènì ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nínú ìgbà mẹ́wàá sì ni ìgbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tí wọn kò bá ẹ̀sùn kankan lọ́wọ́ ẹni náà. Ní ọdún 2013, adájọ́ kan pàṣẹ pé bí wọ́n ti ń ṣe é lòdì sí òfin ilẹ̀. Àwọn kan pariwo pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn. Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ní ọdún 2014, ìdádúró náà kò tó 50,000 mọ́, ìpànìyàn tí ó jẹ́ 515 ní ọdún 2011 sì wálẹ̀ sí 333. Bákan náà ni ti túbú: àwọn tí a há mọ́ inú túbú ìlú náà lé ní 20,000 ní ọdún 1991, wọn kò tó 10,000 ní ọdún 2017, olè kò sì tìtorí èyí gba ìlú. Bí ọwọ́ líle nìkan bá ni òpó tí ó gbé ilé dúró, ṣé ilé kò bá ti wó nígbà tí a yọ òpó?

Kí ni ó wá gbé e dúró? Ní ọdún 2017, Patrick Sharkey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí ìlú 264 jáde. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn ará àdúgbò bá gbé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń gba tọ́jú àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń tún àyíká ṣe, tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́ fún aláìríṣẹ́, ìpànìyàn a máa dínkù níbẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé iná ńláńlá sí àwọn ọgbà ilé ìjọba kan ní New York. Ìwà ọ̀daràn ńlá tí ń ṣẹlẹ̀ níta lóru sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù. Iná lásán ni o; kò gbá ẹnikẹ́ni létí, kò sì sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n.

Kí a má sì rò pé a ti ra àlàáfíà tán. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ pa, ìpànìyàn tún ru sókè, ó sì di 488 ní ọdún 2021, kí ó tó tún wálẹ̀ tí kò pé 400 ní ọdún 2024. Àlàáfíà ìlú dà bí ọgbà. Ọjọ́ tí a bá dẹ́kun àtiro ó ni koríko ń hù.

Èrò tiwa ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọlọ́pàá tí ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀, tí a sì ń bi léèrè, wúlò. Iná títì wúlò. Iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ wúlò. Ẹgbẹ́ àdúgbò wúlò. Ẹni tí ó bá wí fún wa pé pàṣán nìkan tó, ìtàn New York kò jẹ́rìí sí i. Nígbà mìíràn tí a bá ké sí ìjọba nítorí olè, ẹ jẹ́ kí a béèrè fún iná àti iṣẹ́ pẹ̀lú, kí a tó béèrè fún ìbọn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.