Ẹ̀rọ Afọmimọ́ fún Ẹja Òkun

Ike tó mọ́ gaara bíi dígí ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú páìpù àti ègé igi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Irú rẹ̀ ni àwọn kan tó ń sin ẹja òkun nínú ilé ní Amẹ́ríkà àti Jámánì máa ń kọ́ fúnra wọn, torí owó gọbọi ni wọ́n ń ta ti inú ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa ba omi jẹ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, ègé igi tó wà nísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ihò ara rẹ̀ ló ń gé e wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbin a lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ wínníwínní náà, a bá a gòkè, a di ìfóòfó, a sì dà sínú ife tó wà lókè ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbin náà ti kúrò nínú omi kó tó jẹrà. Ìyẹn ló wú mi lórí jù.

Ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá ike rẹ̀ ti kan ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù ló mú un. Oògùn olómi kan ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ́ sí i, ó yọ́ ike méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí ojú ibẹ̀ bá ní ihò, ó lè máa jò. Tibí mọ́ gaara yíká: ọwọ́ ẹni tó ṣe é dá ṣáṣá.