Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Tó Ń Yà: Ọwọ́ Ni Kí Ẹni Tó Ń Kọ́ Ọ Yẹ̀ Wò, Kì í Ṣe Ọ̀pá

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù ló máa ń rò pé agbára ni eré náà ń fẹ́. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kéré, òfin kò gbà kí ó wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ó sì dúró jẹ́ẹ́ sójú kan. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti gbá a, yóò lọ síwájú díẹ̀, yóò sì yà bàrá sí ọwọ́ ọ̀tún, ó di inú igbó. Èyí ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní slice, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì gbá a, òsì ni tirẹ̀ ń yà sí.

Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan yóò kọjú sí apá òsì, wọn yóò sì fi agbára kún agbára. Àwọn mìíràn yóò ná owó gọbọi lórí ọ̀pá tuntun. Ète ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Àkókò tí ọ̀pá fi ń kan bọ́ọ̀lù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín àkókò náà, ohun méjì ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù yóò lọ: ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí, àti ọ̀nà tí orí ọ̀pá gbà wá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé ọ̀nà tí ọ̀pá gbà wá ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rédà tí wọ́n fi ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù ti fi hàn pé ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí ló máa ń kọ́kọ́ dorí kọ jù lọ. Bí ojú ọ̀pá bá wá ṣí sí ọ̀tún ju ọ̀nà tí ọ̀pá ń tọ̀ lọ, bọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìdí nìyí tí kíkọjú sí òsì kì í fi í ṣe ìwòsàn: ó ń fa ọ̀pá sí òsì sí i, àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà àti ojú ọ̀pá sì ń fẹ̀ sí i.

Ọwọ́ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ben Hogan, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ife U.S. Open ní 1950 lẹ́yìn ìjàǹbá mọ́tò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1949, kọ ìwé ìkọ́ni kan tó jáde ní 1957. Bí a ṣe ń di ọ̀pá mú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ inú rẹ̀. Kí ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù gbé ọ̀pá lé ìdí àwọn ìka ọwọ́ òsì, kì í ṣe àárín àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà, ó yẹ kí ó rí oríkèé ìka méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló rí, kí ó yí ọwọ́ náà díẹ̀ sí ọ̀tún, kí ọwọ́ ọ̀tún sì wá bo àtàǹpàkò òsì. Kí ó má ṣe fún ọ̀pá pa bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú. Ọrùn ọwọ́ tó bá le kì í jẹ́ kí ojú ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀.

Ìdúró ló tẹ̀ lé e. Kí ẹsẹ̀, ìbàdí àti èjìká bá ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń lọ dọ́gba. Ọ̀pá kan tí a fi lélẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yóò fi èyí hàn. Nígbà tí ọ̀pá bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ìbàdí kọ́kọ́ yí sí òsì kí èjìká tó tẹ̀ lé e. Èjìká tó bá ṣáájú ló ń ti ọ̀pá síta.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ọ̀pá fara kan orí bọ́ọ̀lù lásán tàbí kí ó kọ́kọ́ gún ilẹ̀. "Má gbórí sókè" ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹni náà ń gbìyànjú láti hú bọ́ọ̀lù sókè. Ojú ọ̀pá ti dagun fún iṣẹ́ náà. Kí ó mú ọ̀pá onírin, kí ó fa ìlà sórí iyanrìn, kí ó dúró bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wà lórí ìlà náà, kí ó sì gbá afẹ́fẹ́. Ibi tí ọ̀pá bá ti ha ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ara ṣì fi tì. Kí ó kó ìwúwo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì kí ó tó gbá a.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ àmì-ayò lọ. Ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wà lára ìpalára tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn agbágọ́ọ̀fù, ẹni tó sì ń fi ipá yí ara ń fà á lẹ́sẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó yà lè ba orí kádì tó ń ru àpò ọ̀pá kiri. Nítorí náà, bí ó bá ti yà síbi tí èèyàn wà, kí ẹni tó gbá a pariwo "Fore!" lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè bo orí wọn.

Kí ẹni tó ń kọ́ ọ má ṣe tún ohun mẹ́ta ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá dé ìbàdí péré, kí ó sì gbá a jẹ́jẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ tààrà, kí ó gbé e dé èjìká, lẹ́yìn náà kí ó gbé e tán. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko.