Ẹ má ra ẹ̀rọ tuntun kẹ́ ẹ gbàgbé ẹni tí yóò lò ó

Láti Aláúsá títí dé Ọ̀gbà, láti Agídíngbì títí dé Agége, ó ṣòro kéèyàn kọjá ní àdúgbò kan kó má gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kéékèèké náà kún ibẹ̀ fọ́fọ́: àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń tẹ ìwé àti báńnà, àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá, àwọn aránṣọ tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ sára aṣọ.

Wàhálà tó ń bá ọ̀pọ̀ wọn fínra kì í ṣe bí wọn yóò ṣe rówó ra ẹ̀rọ tuntun nìkan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yáwó ní báǹkì, tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ti sanwó ọkọ̀ tó gbé e dé, kì í sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ mọ́ láti fi kọ́ ẹni tí yóò lò ó. Ẹni tó ta ẹ̀rọ yóò wá tò ó, yóò tẹ bọ́tìnnì mélòó kan, yóò ní ó ti ń ṣiṣẹ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó dúró tì í ló di ọ̀gá ẹ̀rọ. Bí ọmọ náà bá ṣàìsàn, ẹ̀rọ náà ṣàìsàn. Bó bá bínú lọ, ẹ̀rọ náà di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò.

Báǹkì kì í sì í béèrè bóyá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lóṣù yìí kó tó yọ owó tirẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníṣòwò máa ka owó ẹ̀kọ́ mọ́ owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ka owó jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú búrẹ́dì Agége

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè náà. Ọdún 1913 ni Amos Shackleford, ọmọ orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èbúté Mẹ́tta, ó sì là débi pé Ọba Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá bí wọ́n bá ń sọ bí ẹ̀rọ onírólà méjì, tí òyìnbó ń pè ní dough brake, ṣe di ohun táwọn oníbúrẹ́dì wa ń lò. Àárín rólà méjì yẹn ni wọ́n máa ń ti fùláwà pípò gbà léraléra títí yóò fi jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí búrẹ́dì Agége máa fà bó ṣe ń fà.

Ṣùgbọ́n rólà kò mọ ìgbà tí fùláwà tó. Kò mọ̀ pé omi pọ̀ jù lónìí, tàbí pé irú fùláwà tí wọ́n rà lánàá yàtọ̀ sí tàtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ ẹni tó dúró tì í ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹni náà kò bá sì mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ dé, rólà náà lè fa ìka rẹ̀ wọlé. Kò sí ìwé tí wọ́n fi dí ẹ̀rọ tó lè kọ́ èèyàn nírú ìmọ̀ yìí ní wákàtí kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, níbi iṣẹ́ gan-an.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí kò náni lówó púpọ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nílò ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kíákíá, àwọn tí wọ́n sì rí gbà kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Láti 1940 sí 1945, ìjọba ibẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Training Within Industry, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀gá kéékèèké bí wọn yóò ṣe máa kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Japan gba ètò náà, Toyota sì wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ọkàn òṣìṣẹ́ náà balẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì, ẹ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àti ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí òun náà ṣe é, kó máa fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣe é, ẹ sọ ẹni tó lè bi ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì máa yọjú sí i lemọ́lemọ́ títí yóò fi já fáfá.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ilẹ̀ wa náà ní èkejì dáadáa: ọmọ iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Ẹ̀kẹta la sábà máa ń fò. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ béèrè ìdí, tó bá sì ṣàṣìṣe, igbe ni wọ́n máa ń fi bò ó. Ẹni tí wọ́n bá ń jágbe mọ́ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́, àṣìṣe tí wọ́n bá sì fi pamọ́ ló máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Bó bá mọ̀ ọ́n tán, tó lọ ńkọ́?

Ìbẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníṣòwò náwó lórí òṣìṣẹ́, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ lónìí lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì títì lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí kò sì lọ. Ojoojúmọ́ ni yóò máa fi ọjà ṣòfò, tí oníbàárà yóò máa dá iṣẹ́ padà.

Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ má ṣe fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kan sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ́ méjì, ó kéré tán. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, bí àwọn òbí ṣe máa ń ṣe kí ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́: iye àkókò tí yóò fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àti iye tẹ́ ẹ máa fi kún owó oṣù rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi kún un, ẹ ní kó kọ́ ẹnì kan. Paríparí rẹ̀, ẹ kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sára páálí ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìmọ̀ tó bá wà lára ògiri kò lè tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ.

Owó yín tó wà lọ́dọ̀ ITF

Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Industrial Training Fund sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òfin àjọ náà bá kàn gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé àjọ náà lè dá tó ìdajì owó yìí padà fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́ òun bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé òfin náà kàn yín, tí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ yín sì jẹ́ ₦9,600,000 lọ́dún. ₦96,000 lẹ máa san, èyí tó sì lè padà sọ́wọ́ yín tó ₦48,000. Ẹni tí kò bá tọ́jú rìsíìtì àti orúkọ àwọn tó kọ́ kò ní ẹ̀rí tí yóò fi béèrè owó náà.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn kò jìnnà. Aláúsá ni ilé NECA wà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́, tí òun àti ITF bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́-ọwọ́ kan papọ̀ ní 2009. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Agídíngbì. Nípasẹ̀ ètò SIWES tí ITF dá sílẹ̀ ní 1973, ẹ tún lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, kí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ yín jọ kọ́ ara wọn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ka owó ẹ̀rọ mìíràn sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta: Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi kọ́ àwọn èèyàn mi? Èèyàn mélòó lẹ máa kọ́? Ṣé ẹ máa padà wá wò wọ́n lẹ́yìn oṣù kan? Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kó tó gbowó. Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ẹ wá ẹlòmíì rà á lọ́wọ́ rẹ̀.